Ohun Èlò Ìdóòlà ní Etí Omi Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Ohun èlò ìdóòlà etí omi ni àwọn irinṣẹ́ tí a máa ń fi sí èbúté, etí ọ̀sà àti ibi iṣẹ́ tó wà létí omi, láti fi yọ ẹni tó bá já sínú omi kí ó tó rì. Lára wọn ni òrùka ìgbẹ̀mílà, okùn jíjù, ọ̀pá gígùn tó ní ìkọ́ lórí, àkàsọ̀ tó wọ inú omi, àti ọkọ̀ kékeré tí a yà sọ́tọ̀ fún ìdóòlà. Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ní Ìpínlẹ̀ Èkó, orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, wà lára àwọn ìlú tí irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì fún, nítorí pé ọ̀sà ni ọ̀nà, oko àti ibi iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀. Ẹ̀wù ìgbẹ̀mílà ń dáàbò bo èrò tó wọ̀ ọ́ nínú ọkọ̀. Ohun èlò etí omi wà fún àwọn tí kò wọ̀ ọ́: ọmọdé tó ń ṣeré ní èbúté, alápatà ẹja, aláàárù tó ń já ẹrù, àti òṣìṣẹ́ tó yọ̀ ṣubú.

Àwọn etí omi náà

Ọ̀sà Èkó gùn ju 50 kìlómítà lọ. Ìkòròdú wà ní etí rẹ̀ níhà àríwá. Ẹ̀pẹ́ wà níhà ìlà-oòrùn, ní agbègbè tí omi ti so ọ̀sà náà mọ́ Ọ̀sà Lẹ́kkí. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ná òwò lójú omi yìí. Ẹ̀pẹ́ ni Ọba Kòsọ́kọ́ tẹ̀dó sí lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò ní Èkó ní 1851, ọjà Èjìnrìn sì jẹ́ ibi tí àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀bú àti ti Èkó ti ń pàdé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún.

Lónìí, oríṣi etí omi méjì ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ti gbogbo ènìyàn. Ọ̀nà T.O.S. Benson, tí wọ́n fi orúkọ olóṣèlú ọmọ Ìkòròdú sọ, wà ní agbègbè Èbúté Ìpakodò, níbi tí èrò ti ń wọ ọkọ̀ lọ sí Erékùṣù Èkó. Àwọn èbúté kéékèèké wà ní Ìjẹ̀dẹ̀ àti Bayeku, àwọn apẹja sì ń gúnlẹ̀ sí ọjà ẹja Ẹ̀pẹ́. Èkejì ni ti ilé-iṣẹ́. Àjọ tó ń bójú tó àwọn èbúté Nàìjíríà (NPA) ní èbúté kan ní Ìkòròdú fún àwọn ọkọ̀ pẹlẹbẹ tó ń kó ẹrù. Ilé-iṣẹ́ amúnáwá Egbin, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1985, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 1,320 mẹ́gáwáàtì, ń fa omi ọ̀sà láti fi mú ẹ̀rọ rẹ̀ tutù. Àwọn awayanrìn náà ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ ibi létí ọ̀sà.

Ọ̀sà náà kò jìn ní ọ̀pọ̀ ibi, ṣùgbọ́n wíwa yanrìn lè fi kòtò jíjìn sílẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ ti ń kan ilẹ̀ tẹ́lẹ̀. Koríko tó ń léfòó, tí wọ́n kọ́kọ́ rí lórí omi Nàìjíríà ní 1984, máa ń bo ojú omi, ó sì máa ń wé mọ́ ènìyàn lẹ́sẹ̀. Bí ògiri èbúté bá ga tó sì ń yọ̀, ọ̀mùwẹ̀ pàápàá kò ní rí ibi dì mú láti gòkè.

Òrùka ìgbẹ̀mílà

Òrùka ìgbẹ̀mílà rí roboto bí táyà. Àwọ̀ rẹ̀ sábà máa ń jọ ti ọsàn tó pọ́n kí ojú lè tètè rí i. Àjọ àgbáyé tó ń bójú tó ìrìn ọkọ̀ òkun (IMO) ti la bí ó ṣe gbọ́dọ̀ rí sílẹ̀ lábẹ́ àdéhùn SOLAS, tí àwọn orílẹ̀-èdè kọ́kọ́ fọwọ́ sí ní 1914 lẹ́yìn tí ọkọ̀ Titanic rì ní 1912:

• Fífẹ̀ rẹ̀ láti etí kan dé èkejì kò gbọdọ̀ ju 800 mìlímítà lọ, ihò àárín rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín ní 400 mìlímítà.
• Ìwọ̀n rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní 2.5 kìlógíráàmù.
• Ó gbọ́dọ̀ lè gbé irin 14.5 kìlógíráàmù léfòó nínú omi tí kò níyọ̀ fún wákàtí 24.
• Okùn ìdìmú gbọ́dọ̀ yí i ká, kí a sì so ó mọ́ ọn ní ibi mẹ́rin.

Irin 14.5 kìlógíráàmù kéré sí ìwọ̀n àgbàlagbà, ṣùgbọ́n omi fúnra rẹ̀ ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ara ènìyàn. Orí àti èjìká nìkan ló kù fún òrùka láti gbé.

Ọkọ̀ òkun ni wọ́n ṣe ìlànà SOLAS fún. Ní ti ibi iṣẹ́ etí omi, òfin Amẹ́ríkà fún àwọn èbúté ẹrù béèrè òrùka tí okùn rẹ̀ gùn tó 27 mítà, níbi tí ọwọ́ ti lè tètè tó o, àti àkàsọ̀ tó dé inú omi láàárín 61 mítà sí ibi iṣẹ́. Àdéhùn 152 ti Àjọ Àgbáyé fún Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́ (ILO), tó jáde ní 1979, ní kí ètò ìdóòlà àti àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe wà nítòsí ní gbogbo èbúté ẹrù.

Lílo àwọn ohun èlò náà

Ẹni tó ń rì sábà kì í lè pariwo, nítorí pé mímí ni gbogbo agbára rẹ̀ wà fún. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni àìrí afẹ́fẹ́ ń ba ọpọlọ jẹ́. Nítorí náà, ẹni tó wà létí omi lásìkò náà ló ní àǹfààní jù láti gbà á là, ju ọkọ̀ ìdóòlà tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn lọ.

Ewu ńlá ni kí olùrànlọ́wọ́ bẹ́ sínú omi, nítorí pé ẹni tó ń rì lè dì mọ́ ọn kí àwọn méjèèjì sì rì. Ìlànà ìdóòlà ní kí a kọ́kọ́ ké pe àwọn ẹlòmíràn, kí a na ọ̀pá tàbí àjẹ̀ sí ẹni náà, kí a ju òrùka sí i bí ọ̀pá kò bá tó o, kí a sì fi ọkọ̀ lọ bá a bí òrùka kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. A máa ń ju òrùka kọjá ẹni náà díẹ̀, kí a lè fi okùn fà á wá sọ́wọ́ rẹ̀. Níbi tí kò bá sí òrùka, kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí a dé pa, tí a so okùn mọ́, lè gbé ènìyàn léfòó.

Bí ẹni tí a yọ kò bá mí mọ́, èémí ni a kọ́kọ́ ń fún un láti ẹnu, lẹ́yìn náà ni a ó máa tẹ àárín àyà rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn kò fọwọ́ sí títẹ ikùn láti fa omi jáde, nítorí pé ó ń fi àkókò ṣòfò, ó sì lè mú kí ó bì, kí èébì sì wọ inú ẹ̀dọ̀fóró.

Àwọn àjọ tí ọ̀rọ̀ kàn

Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó àwọn omi abẹ́lé (NIWA) ni a dá sílẹ̀ ní 1997. Ìpínlẹ̀ Èkó dá Àjọ Ọ̀nà Ojú Omi (LASWA) sílẹ̀ lábẹ́ òfin ọdún 2008. Àwọn méjèèjì ti bá ara wọn ṣe ẹjọ́ pípẹ́ lórí ẹni tí àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ tó dá NIWA láre ní oṣù kìíní ọdún 2024. Àjọ LASEMA ló ń bójú tó ìṣẹ̀lẹ̀ pàjáwìrì ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Àwọn aláṣẹ ti fi ẹ̀wù ìgbẹ̀mílà ṣe dandan fún èrò, wọ́n sì ka ìrìn-àjò òru léèwọ̀ fún ọkọ̀ èrò.

Ìtọ́jú

Oòrùn máa ń sá òrùka gbó, okùn máa ń jẹrà, àwọn ènìyàn sì lè jí méjèèjì lọ. Nítorí èyí, òrùka nílò àpótí tàbí ìkọ́ tí kò ní àgádágodo, àmì tí a lè rí lọ́sàn-án àti lóru, àkọlé ní èdè tí àwọn ará èbúté ń kà, àti ẹnì kan pàtó tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ilé-iṣẹ́, iṣẹ́ náà tọ́ sí agbanisíṣẹ́. Ní èbúté gbogbo ènìyàn, bí kò bá sí ẹni tí a yàn, ìkọ́ lè ti ṣófo fún oṣù púpọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fura.

Ní àgbáyé

Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) fojú bù ú pé nǹkan bí 300,000 ènìyàn ló kú sómi ní 2021. Ó lé ní ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá wọn tó jẹ́ ti àwọn orílẹ̀-èdè tí owó tó ń wọlé fún wọn kò pọ̀. Lára ohun tí àjọ náà dámọ̀ràn ni kíkọ́ ọmọdé ní ìlúwẹ̀ẹ́, fífi ọgbà dí etí omi, àti kíkọ́ àwọn ará àdúgbò ní ìdóòlà tí kò léwu. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yan ọjọ́ 25 oṣù keje gẹ́gẹ́ bí Ọjọ́ Ìdènà Ikú Omi Lágbàáyé ní 2021.