Aṣọ Àlejò, Ọwọ́ Onílé: Ìtàn Iṣẹ́ Aṣọ láti Àdìrẹ Abẹ́òkúta dé Ilé-Iṣẹ́ Fọláṣadé Thomas

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn. Òwe yìí fi hàn pé lójú àwọn baba ńlá wa, aṣọ ju ohun tí a fi ń bo ìhòòhò lọ. Aṣọ ni a fi ń dá ìjòyè mọ̀ láàárín èrò; òun ni a fi ń mọ ìyàwó ọ̀ṣìngín yàtọ̀ sí opó; òun náà ni a sì fi ń mọ ẹni tí ó ń lọ sí oko yàtọ̀ sí ẹni tí ó ń lọ sí òde àríyá. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, pé iṣẹ́ aṣọ wà lára àwọn iṣẹ́ tí ó ti sọ ọ̀pọ̀ ènìyàn di olówó ní ilẹ̀ Yorùbá.

Ní ayé òde òní, a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn aláṣẹ àti àwọn onímọ̀ nípa ọrọ̀ ajé pé iṣẹ́ ọnà, tí aṣọ dídá àti aṣọ rírán jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú rẹ̀, lè mú owó wọlé fún ìlú gẹ́gẹ́ bí kòkó àti epo rọ̀bì ti ṣe. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ti délẹ̀ báyìí, àríyànjiyàn a bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan a ní kí a kọ ohun gbogbo tí ó bá ti òkèèrè wá sílẹ̀. Àwọn mìíràn a ní ọ̀làjú kò mọ ààlà. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ara balẹ̀ wo ìtàn, a ó rí i pé ibi tí aṣọ ti wá kọ́ ni kókó ọ̀rọ̀. Kókó ọ̀rọ̀ ni ọwọ́ tí iṣẹ́ náà wà, àti ẹni tí èrè rẹ̀ ń bọ́ sí lápò. Ìtàn àdìrẹ Abẹ́òkúta àti ìtàn ilé-iṣẹ́ Fọláṣadé Thomas ní Èkó ni a ó fi ṣe ẹ̀rí.

Iṣẹ́ Aṣọ kí Ẹ̀rọ Ìránṣọ tó Dé

Kí ẹ̀rọ ìránṣọ tó dé ilẹ̀ Yorùbá ni a ti ní iṣẹ́ aṣọ ní kíkún. Àwọn àgbẹ̀ ń gbin òwú; àwọn obìnrin ń ran án; àwọn ọkùnrin ń hun ún lórí òfì pẹlẹbẹ ní Ìṣẹ́yìn, Ọ̀yọ́ àti Ìlọrin; àwọn obìnrin náà sì ní òfì tiwọn tí ó dúró lóòró, èyí tí wọ́n fi ń hun kíjìpá. Nínú aṣọ òkè tí ó lókìkí jù ni ẹtù, tí aró dúdú mú rẹ́súrẹ́sú. Sányán, tí a fi òwú ara kòkòrò inú igbó hun. Àti àlàárì pupa. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni aṣọ òfì ọkùnrin máa ń jẹ́, nítorí náà aránṣọ ni yóò so ó pọ̀ kí ó tó di agbádá, dàńdógó tàbí gbárìyẹ̀. Abẹ́rẹ́ ọwọ́ ni ó fi ń ṣe iṣẹ́ yìí, òun náà ni ó sì fi ń ṣe ọnà sí ọrùn àti àyà ẹ̀wù.

Ohun kan wà nípa àlàárì tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi sọ́kàn. Púpọ̀ nínú òwú pupa dídán tí a fi hun àlàárì àtijọ́ kì í ṣe ti ilẹ̀ yìí. Láti òdìkejì aṣálẹ̀ Sàhárà ni àwọn oníṣòwò ti ń gbé e wá sí ilẹ̀ Haúsá, kí ó tó bọ́ sí ọwọ́ ahunṣọ Yorùbá. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò pe àlàárì ní aṣọ àlejò. Ọwọ́ tí ó hun ún ni ó fún un ní orílé.

Nígbà tí ó di àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọmọ Yorùbá tí a ti kó lẹ́rú bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé. Àwọn Sàró ti Fìrítáùn dé; àwọn Àgùdà ti Bràsíìlì dé. Bí wọ́n ti mú ìwé kíkà àti ilé kíkọ́ wá ni wọ́n mú aṣọ rírán ní ìlànà Òyìnbó wá. Lẹ́yìn wọn ni ẹ̀rọ ìránṣọ tàn ká. Láìpẹ́, kò sí ìlú ńlá tí a kò ti ní gbọ́ ìró ẹsẹ̀ télọ̀ lórí ẹ̀rọ, tí ọmọ iṣẹ́ ń jókòó tì í, tí ó ń pa etí aṣọ, tí ó ń ṣán bọ́tìnnì, títí ọjọ́ òmìnira rẹ̀ yóò fi pé.

Àdìrẹ: Aṣọ Máńsítà, Aró Ẹ̀gbá

Ní 1901, ojú irin láti Èkó gba Abẹ́òkúta kọjá, ó sì wọ Ìbàdàn. Ọjà Òyìnbó wá ń wọ ìlú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Lára rẹ̀ ni aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ hun ní Máńsítà. Aṣọ yìí kò wọ́n, ó sì fẹ̀ ju aṣọ òfì lọ. Ẹni tí ó bá wo ọ̀rọ̀ náà láti òkèèrè lè rò pé òpin iṣẹ́ aṣọ ilẹ̀ wa ti dé. Fún ọ̀pọ̀ ahunṣọ, ìṣòro ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin aláró Abẹ́òkúta rí ohun tí ẹlòmíràn kò rí: aṣọ funfun fẹ́lẹ́ a máa gba ọnà ju kíjìpá lọ.

Orúkọ àdìrẹ ti sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: a dì í, a sì rẹ ẹ́. Bí a bá fi ìko so ó, àdìrẹ oníko ni. Bí a bá fi abẹ́rẹ́ àti òwú ká a, àdìrẹ alábẹ́rẹ́ ni. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀kọ tí a fi ìyẹ̀fun gbágùúdá sè ni a fi ya ọnà sí i, àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni. Ìyẹ́ adìyẹ ni obìnrin fi ń ya ẹlẹ́kọ. Ní Abẹ́òkúta, àwọn ọkùnrin tún ń gé páànù sí oríṣiríṣi àwòrán tí a lè gbé lé aṣọ kí a sì fi ẹ̀kọ kùn ún. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kì yóò mú un. Aṣọ náà yóò wọ inú ìkòkò aró, yóò jáde, yóò gba atẹ́gùn, yóò tún padà wọlé, títí yóò fi dúdú bí ẹni tí ó rà á ti fẹ́. Ọ̀pá méjì ààbọ̀ lọ́nà méjì ni a máa ń so pọ̀ láti fi ṣe ìró kan.

Àwọn obìnrin wọ̀nyí kò fi ọnà wọn mọ sí ti àtijọ́ nìkan. Nínú Ìbàdàndùn, wọ́n ya òpó Gbọ̀ngàn Màpó. Nígbà tí ọba Gẹ̀ẹ́sì, George Karùn-ún, pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lórí oyè ní 1935, wọ́n fi àwòrán rẹ̀ àti ti ayaba rẹ̀ ṣe ọnà, ọnà náà sì ń jẹ́ Olóba. Wọ́n mú aṣọ Òyìnbó, wọ́n mú ọba Òyìnbó pàápàá, wọ́n sì rẹ méjèèjì sínú aró Ẹ̀gbá.

Èrè rẹ̀ kò kéré. Láàárín 1910 sí 1930, àwọn oníbàárà ń wá láti Gold Coast, láti Sàró àti láti Sẹ̀nẹ̀gà. Ẹni tí ó ń ta ẹ̀lú ń jẹ. Ẹni tí ó ń sun igi fún eérú ń jẹ. Amọ̀kòkò ń jẹ. Ẹni tí ó ń so aṣọ àti ẹni tí ó ń lù ú kí ó lè dán ń jẹ. Bẹ́ẹ̀, láti Máńsítà ni aṣọ funfun náà ti wá.

Ọ̀rọ̀ Sódà ní 1936

Ọjà tí ó gbòòrò bẹ́ẹ̀ kò ṣàìmú ìṣòro wá. Aró ìbílẹ̀ a máa gba sùúrù. Ó di dandan kí a gún ẹ̀lú, kí a sá a, kí a ro omi eérú, kí a sì dúró fún ọjọ́ mélòó kan kí aró tó pọ́n. Nígbà tí sódà àti aró tí wọ́n ṣe ní ilé-iṣẹ́ Òyìnbó dé ọjà, ohun tí ń gba ọjọ́ púpọ̀ wá di ohun kíákíá. Àwọn tí ọwọ́ wọn kò tíì mọ̀ ọ́n ń bu sódà jù. Aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í ya, aró bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, oníbàárà òkèèrè sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Èyí bọ́ sí àkókò tí ọrọ̀ ajé gbogbo àgbáyé dẹnu kọlẹ̀, tí owó sì di ọ̀wọ́n.

Aláké Ladapọ̀ Adémọ́lá Kejì àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ fòfin de sódà àti aró Òyìnbó. Èrò wọn ni pé òfin yìí yóò dá orúkọ rere àdìrẹ padà. Àwọn aláró kò gbà. Lójú tiwọn, kì í ṣe sódà ni ó ba ọjà jẹ́ bí kò ṣe àìlówó lọ́wọ́ oníbàárà. Bí wọ́n bá sì padà sí eérú nìkan, aṣọ wọn yóò wọ́n ju ohun tí ọjà lè gbà lọ. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà kọjá ààfin, wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1936, ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀. Àwọn obìnrin náà jèrè ẹ̀tọ́ láti máa lo sódà, ṣùgbọ́n òkìkí àdìrẹ kò padà sí bí ó ti rí tẹ́lẹ̀.

Kò yẹ kí a yára dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi nínú ọ̀rọ̀ yìí. Aláké mọ̀ pé orúkọ rere ni ọjà. Àwọn aláró náà mọ̀ pé ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ gbọ́dọ̀ rí oúnjẹ jẹ nídìí rẹ̀. Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé òfin ni a fi wá ohun tí ó jẹ́ pé ẹ̀kọ́ ni ì bá fún ni. Bí a bá ti kọ́ àwọn aláró ní ìwọ̀n sódà tí aṣọ lè gbà, bóyá ìjà ì bá má wáyé rárá.

Fọláṣadé Thomas ní Èkó

Èkó ni a bí Fọláṣadé Thomas sí ní 1933. Ní 1953, ó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n aṣọ tí ó rí nínú àwọn ilé ìtajà Lọ́ńdọ̀nù yí i lọ́kàn padà. Ó kọ́ iṣẹ́ aṣọ dídá ní Barrett Street Technical College àti ní St Martin's School of Art. Ní 1960, ọdún tí Nàìjíríà gba òmìnira, ó padà wálé, ó sì ṣí ilé ìtajà sí Èkó, èyí tí a wá mọ̀ sí Shade's Boutique. Ó tún dá ilé-iṣẹ́ aránṣọ sílẹ̀ ní Yábàá.

Ní àkókò náà, ọ̀pọ̀ obìnrin ọ̀mọ̀wé ní Èkó kà á sí ọ̀làjú láti wọ aṣọ tí ó ti Lọ́ńdọ̀nù wá. Ìró, bùbá àti gèlè wà fún òde àríyá, kì í ṣe fún ibi iṣẹ́. Fọláṣadé kò bá wọn jà. Ó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n lè wọ̀ ọ́. Ìró a máa tú. Gèlè a máa gba àkókò níwájú dígí. Ó fi síìpù sí ìró kí ó má bàa tú mọ́. Ó rán gèlè sílẹ̀ kí a lè gbé e lé orí bí fìlà. Ó mú agbádá ọkùnrin, ó sì sọ ọ́ di ẹ̀wù obìnrin. Aṣọ òkè, àdìrẹ, aṣọ Òkéné àti aṣọ Akwete ni ó ń gé.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí ohun tí ó wà nídìí iṣẹ́ yìí. Síìpù kì í ṣe ohun ìbílẹ̀. Aṣọ tí a ti rán sílẹ̀ ní ìwọ̀n kékeré, ìwọ̀n àárín àti ìwọ̀n ńlá kì í ṣe àṣà télọ̀ wa, nítorí télọ̀ wa a máa fi okùn wọn oníbàárà kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ahunṣọ àti aláró ilẹ̀ wa ni wọ́n ta aṣọ fún un, aránṣọ ilẹ̀ wa ni ó sì rán an. Ohun tí àwọn aláró Ẹ̀gbá ṣe sí aṣọ Máńsítà ni Fọláṣadé ṣe sí ìmọ̀ Lọ́ńdọ̀nù: ó gbà á lálejò, ó sì fún un ní iṣẹ́ ṣe nínú ilé. Ní 2022, nígbà tí Ilé Ọnà Victoria and Albert ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe àfihàn aṣọ ilẹ̀ Áfíríkà, iṣẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ìlú tí ó ti lọ kọ́ṣẹ́ wá di ìlú tí ń wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Bí Ọ̀rọ̀ ti Rí Lónìí

Lẹ́yìn òmìnira, ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ pọ̀ ní Nàìjíríà, ní Ìkẹjà, ní Adó-Èkìtì àti ní Kàdúná. Ṣùgbọ́n aṣọ fàyàwọ́, àìsí iná mànàmáná àti aṣọ òkèèrè tí kò wọ́n ti púpọ̀ nínú wọn pa. Kaduna Textiles, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1957, ti ìlẹ̀kùn ní 2002. Ní ọwọ́ kejì, àwọn aṣèdá aṣọ ń gbèrú. Láti 2011 ni ọ̀sẹ̀ àfihàn aṣọ Èkó ti ń wáyé. Ní 2013, Michelle Obama wọ ẹ̀wù Maki Oh, ilé-iṣẹ́ Èkó tí ń fi ọnà àdìrẹ dá aṣọ. Ní 2020, Kenneth Ize gbé aṣọ òkè lọ sí Párísì.

Ayọ̀ ni èyí, ṣùgbọ́n ewu kan wà nínú rẹ̀. Ní Ìtòkú, ní àárín Abẹ́òkúta, aláró ń bá aṣọ kan du oníbàárà, èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ ọnà àdìrẹ sí ní Ṣáínà. Ọnà náà jọ ti ìyá rẹ̀, owó rẹ̀ kò sì tó ti àdìrẹ ọwọ́. Kò sí ẹni tí ó so ó, kò sí ẹni tí ó rẹ ẹ́, kò sí ọmọ iṣẹ́ tí ó gba òmìnira nídìí rẹ̀. Níbi yìí ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ní 1920, aṣọ ni ó jẹ́ ti àlejò, ọwọ́ sì jẹ́ ti onílé. Nínú ayédèrú yìí, ọnà ni ó jẹ́ ti onílé, ọwọ́ sì ti di ti àlejò. Aláìmọ̀kan a máa rò pé èkejì ni ó sàn jù, nítorí pé ó rí ọnà baba rẹ̀ lára aṣọ. Ṣùgbọ́n àpò owó mọ ìyàtọ̀.

Ìgúnlẹ̀

Ohun tí ìtàn yìí kọ́ wa kò ṣòro. Àṣà kì í kú nítorí pé ó gba ohun tuntun. Ẹ̀lú dúró, sódà dé. Ìró dúró, síìpù dé. Àṣà a máa kú nígbà tí ọmọ tí yóò kọ́ iṣẹ́ kò bá rí oúnjẹ nídìí iṣẹ́. Nítorí náà, ìjọba tí ó bá fẹ́ kí aṣọ di orísun owó kò gbọdọ̀ dúró lórí ọjọ́ àfihàn nìkan. Ó yẹ kí ó wo ìkòkò aró, òfì àti ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó yẹ kí ó kọ́ oníṣẹ́ dípò kí ó máa fi òfin lé e, kí ó sì fún àdìrẹ ọwọ́ ní àmì tí oníbàárà yóò fi dá a mọ̀ yàtọ̀ sí ayédèrú.

Àwọn àgbà ní ṣòkòtò àgbàbọ̀ kò yẹ ọmọ ènìyàn. Bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Àwọn obìnrin Abẹ́òkúta ra aṣọ àlejò, wọ́n sì sọ ọ́ di ohun ẹni. Ohun ìtìjú ni yóò jẹ́ bí àwa, tí a jogún ọnà wọn, bá wá ń yá a wọ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn.