Ìrora kíndìnrín

Ìrora kíndìnrín jẹ́ ìrora tó ń wá láti inú kíndìnrín tàbí láti ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà lọ sí àpò ìtọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn, lábẹ́ egungun ìhà, ni a ti ń mọ̀ ọ́n lára. Ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn tó ń dun awakọ̀ tó pẹ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, ní Mowe àti Ibafo, sábà máa ń jẹ́ ti iṣan lásán.

Òkúta inú kíndìnrín ló ń dunni jù. Bí omi ara bá dínkù, iyọ̀ inú ìtọ̀ a dì. Bí òkúta náà bá ń sọ̀ kalẹ̀, ìrora a máa dé, a máa lọ, títí dé abẹ́ ikùn, ẹ̀jẹ̀ sì lè bá ìtọ̀ jáde. Kòkòrò àrùn tó gòkè láti àpò ìtọ̀ ń fa ibà, òtútù àti èébì; aláboyún kò gbọdọ̀ fi èyí jáfara.

Ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, a gbọ́dọ̀ ro àtọ̀sí ajá pẹ̀lú, pàápàá ní àwọn abúlé etí ìsédò Ọ̀yán lápá Abẹ́òkúta. Inú omi tí ìgbín kéékèèké ń gbé ni a ti ń kó o. Àpá rẹ̀ lè dí ọ̀nà ìtọ̀, kí kíndìnrín sì wú.

Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ, tó ń ba kíndìnrín jẹ́ jù, kì í sábà dunni rárá. Ibuprofen àti diclofenac tí wọ́n ń rà ní kẹ́míìsì, ní Ifọ bíi ti ìlú mìíràn, lè pa kíndìnrín lára bí a bá ń lò wọ́n lójoojúmọ́. Àyẹ̀wò ìtọ̀, ẹ̀jẹ̀ àti àwòrán inú ni dókítà fi ń mọ ohun tó fà á. Wọ́n ń ṣe é ní ilé ìwòsàn ńlá ìjọba ní Ṣágámù àti Abẹ́òkúta.