Òǹtẹ̀ Lẹ́tà Láti Inú Ọkọ̀ Ogun: Ohun Tí Ó Ń Jẹ́rìí Sí àti Ohun Tí Kò Jẹ́rìí Sí

1. Ìfáàrà

Àwọn kan wà tí kíkó àpò lẹ́tà àtijọ́ jọ jẹ́ iṣẹ́ afẹ́ fún. Lára wọn ni a ti rí àwọn tí kì í wá lẹ́tà mìíràn ju èyí tí a fi ránṣẹ́ láti inú ọkọ̀ ojú omi: ọkọ̀ ogun, ọkọ̀ tí ń ṣọ́ etíkun, ọkọ̀ tí ń kó lẹ́tà. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n dá ẹgbẹ́ Universal Ship Cancellation Society sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ yìí ní 1932. Ní ilẹ̀ Faransé, Raymond Salles kọ ìwé onípele púpọ̀ lórí ìfìwéránṣẹ́ ojú òkun. Òǹtẹ̀ ara lẹ́tà ni wọ́n ń wá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ fi hàn pé òǹtẹ̀ náà wúlò fún onímọ̀ èdè pẹ̀lú, bí a bá ti mọ ohun tí ó ń jẹ́rìí sí. Dàhòmì àtijọ́ àti ìlú Ṣábẹ̀ ni àpẹẹrẹ wa.

2. Ọkọ̀ ogun lórí odò Ouémé

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 1892, àwọn ọmọ ogun Dàhòmì yìnbọn sí Topaze, ọkọ̀ ogun kékeré kan ti àwọn Faransé, lórí odò Ouémé. Victor Ballot, tí ó ń ṣojú ìjọba Faransé ní etíkun náà, wà nínú ọkọ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ náà di ogun. Nígbà tí Dodds kó àwọn ọmọ ogun rẹ̀ gòkè, àwọn ọkọ̀ bíi Opale àti Corail ń bá wọn lọ lórí omi. Ìjà Dogba wáyé ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kọkànlá, wọ́n wọ Abomey.

Àwọn ọmọ ogun inú ọkọ̀ àti ti orí ilẹ̀ ń kọ lẹ́tà sílé. Lẹ́tà wọn ní láti bá odò sọ̀ kalẹ̀ dé etíkun. Ní Cotonou, ìgbì kò jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá sún mọ́ ilẹ̀, afárá èbúté tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1891 kò sì tíì parí. Ọkọ̀ kékeré tí a ń fi àjẹ̀ wà ni ó ń gbé àpò lẹ́tà la ìgbì kọjá lọ bá ọkọ̀ ńlá. Àwọn tí ń wa ọkọ̀ kékeré yìí kò ní òǹtẹ̀ kankan. Lára gbogbo ọwọ́ tí lẹ́tà náà gbà kọjá, tiwọn ni kò fi àmì sílẹ̀.

3. Orúkọ ibi tí lẹ́tà kò dé

Láti 1889, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ méjì ń kó lẹ́tà láàárín ilẹ̀ Faransé àti etíkun wa títí dé Loango ní Congo: Fraissinet láti Marseille, àti Chargeurs Réunis tí ọkọ̀ rẹ̀ ń gba Bordeaux. Òǹtẹ̀ onígun mẹ́jọ ni wọ́n ń lò nínú ọkọ̀, a sì lè kà á lára rẹ̀ pé LOANGO À BORDEAUX. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé Loango ni wọ́n ti kọ lẹ́tà náà. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ Cotonou ni ọkọ̀ ti gbà á. Ọ̀nà tí ọkọ̀ ń tọ̀ ni òǹtẹ̀ náà dárúkọ, kì í ṣe ibi tí òǹkọ̀wé jókòó sí.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ "Paquebot", tí ó wọ òfin ìfìwéránṣẹ́ àgbáyé lẹ́yìn ìpàdé Vienna ti 1891. Ẹni tí ó kọ lẹ́tà sójú òkun lè lẹ sítáǹbù orílẹ̀-èdè tí ó ni ọkọ̀ mọ́ ọn, kí èbúté tí ọkọ̀ bá yà sí sì tẹ òǹtẹ̀ tirẹ̀ lé e. Lẹ́tà bẹ́ẹ̀ lè ní òǹtẹ̀ Cotonou lára láìjẹ́ pé òǹkọ̀wé rẹ̀ fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Dàhòmì rí.

4. SAVÉ, DAHOMEY

Ẹ jẹ́ kí a gbé ẹ̀kọ́ yìí dé Ṣábẹ̀. Ojú irin láti Cotonou dé ìlú náà ṣáájú Ogun Àgbáyé Kìíní, ibẹ̀ ni ó sì parí sí títí di àárín àwọn ọdún 1930, kí ó tó dé Parakou. Òǹtẹ̀ tiwa náà ní orúkọ ìlú lókè àti orúkọ ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso nísàlẹ̀: SAVÉ, DAHOMEY.

Orúkọ méjèèjì ni ó yẹ kí a yẹ̀ wò. Lẹ́nu àwọn ọmọ ìlú, ìró tí àwọn Faransé ń fi "tch" kọ ni ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ náà, /b/ ni ó sì wà láàárín rẹ̀. Lónìí, àwọn ìwé Faransé ń kọ "Tchabè" fún àwọn ènìyàn náà àti ẹ̀ka èdè wọn, wọ́n sì ń kọ "Savè" fún ìlú wọn, bí ẹni pé ìlú kò bá àwọn tí ó ni ín tan. Àwa tí a fi èdè Faransé kàwé ti kọ "Savè" títí ojú wa kò fi rí ìyàtọ̀ náà mọ́. Òǹtẹ̀ wà lára ohun tí ó fìdí rẹ̀ múlẹ̀: orúkọ tí a bá kọ sára lẹ́tà ni lẹ́tà fi ń dé.

Ti ìsàlẹ̀ tún dùn wá jù. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ogun Dàhòmì jà ní Ṣábẹ̀, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn lẹ́rú. Lẹ́yìn èyí ni ilé ìfìwéránṣẹ́ wá ń tẹ orúkọ Dàhòmì sábẹ́ orúkọ ìlú tí Dàhòmì fọ́. Sítáǹbù fúnra rẹ̀ kò dúró lójú kan: ó ń jẹ́ Bénin ní 1892, ó di Dahomey ní 1899, ó sì tún padà di Bénin lẹ́yìn tí orílẹ̀-èdè yí orúkọ padà ní 1975. Kò sí ìgbà kan tí wọ́n bi ará Ṣábẹ̀ léèrè.

5. Ìkádìí

Òǹtẹ̀ ń sọ ọjọ́, ó sì ń sọ ọ́fíìsì tàbí ọkọ̀ tí lẹ́tà gbà kọjá. Kò sọ bí ẹnu àwọn onílùú ti ń pe orúkọ. Nítorí náà, ẹni tí ń ṣe ìwádìí lórí orúkọ ìlú lè fi òǹtẹ̀ mọ ìgbà tí àkọtọ́ kan wọ ìwé ìjọba, ṣùgbọ́n kí ó má fi mọ ìró. Fún ìró, ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ni kí ó lọ. Àpò lẹ́tà ń bẹ lọ́wọ́ àwọn olùkójọ, wọn yóò sì tọ́jú rẹ̀ dáadáa nítorí pé owó wà nínú rẹ̀. Ohùn àwọn àgbà Ṣábẹ̀ kò ní irú olùkójọ bẹ́ẹ̀, àfi àwa.