Orúkọ Dókítà nínú Ìwé Ìlú: Ìtàn Kan láti Ìdí Arẹ̀rẹ̀

Kí ìwé ẹ̀rí tó dé Ìbàdàn, ẹ̀rí ẹnu ni ará ìlú fi ń mọ oníṣègùn tí ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, ẹ̀rí náà kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́, nítorí pé inú agbo ilé ni oníṣègùn ń gbé, ojú aládùúgbò ni ó sì ti ń ṣiṣẹ́. Ní Ìdí Arẹ̀rẹ̀, àdúgbò tí ó ń jẹ́ orúkọ igi arẹ̀rẹ̀, tí kò jìnnà sí Ọjà'ba àti òkè Mápó, ìyá tí gìrì bá ń gbé ọmọ rẹ̀ mọ ilé tí wọ́n ti wo irú àìsàn bẹ́ẹ̀ sàn, ó sì mọ èyí tí wọ́n ti gbé òkú ọmọ jáde. Lọ́dọ̀ àwọn lékúlẹ́jà, èyíinì ni àwọn tí ń ta egbò, èèpo igi àti àwọn èròjà àgbo mìíràn, irú àwọn tí ń pàtẹ ní Ọjà Bódè, ẹni tí oníṣègùn rán níṣẹ́ lè gbé egbò náà lọ́wọ́, kí ó gbóòórùn rẹ̀, kí ó sì ná an. Ọ̀rọ̀ owó pẹ̀lú kò ṣókùnkùn: aláìsàn tàbí ẹbí rẹ̀ ni ó ń san owó ọ̀yà oníṣègùn, kò sì wọ́pọ̀ kí ẹni kẹta máa fún un lẹ́bùn lẹ́yìn kí ó lè fi egbò kan sílẹ̀ mú òmíràn.

Ní 1853, David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀, tí ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS rán wá, tẹ̀dó sí Kúdẹtì ní ìtòsí Ìdí Arẹ̀rẹ̀, láìpẹ́ sí i ni Henry Johnson sì kó ìdílé rẹ̀ láti Sàró wá bá wọn ṣiṣẹ́. Nínú ìdílé yìí ni Samuel Johnson ti jáde, ẹni tí ó kọ ìtàn àwọn Yorùbá, àti Obadiah àbúrò rẹ̀, tí ó tún ìwé náà tò nígbà tí àdàkọ àkọ́kọ́ ti sọnù, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921. Dókítà ni Obadiah, ní 1889 ni ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ìṣègùn ní Yunifásítì Edinburgh. Ní báyìí, ohun tí ó jẹ́rìí irú oníṣègùn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹnu aládùúgbò mọ́, bí kò ṣe ìwé.

Ìwé tí à ń wí yìí ni ìwé orúkọ àwọn dókítà, tí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ ní 1858, tí wọ́n sì kọ́kọ́ tẹ̀ ní 1859, nínú èyí tí a ti ń rí orúkọ dókítà, ibùgbé rẹ̀, ìwé ẹ̀rí tí ó gbà àti ọjọ́ tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ìdí tí òfin náà sọ gbangba ni pé kí ẹni tí ń wá ìwòsàn lè mọ ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ yàtọ̀ sí ẹni tí kò kọ́ ọ. Nítorí náà, láti ìpilẹ̀, aláìsàn ni ó ni ìwé náà, kì í ṣe dókítà. Síbẹ̀, ìwé náà nìkan kò tó láti fi ẹ̀tọ́ múlẹ̀, nítorí pé nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ẹgbẹ́ àwọn dókítà ìjọba fún Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ ní 1902, ọmọ òyìnbó nìkan ni wọ́n gbà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé ẹ̀rí tí àwọn dókítà aláwọ̀ dúdú gbà kò yàtọ̀ sí ti àwọn yẹn.

Lẹ́yìn òmìnira, òfin ọdún 1963 dá ìgbìmọ̀ tí ń bójú tó iṣẹ́ dókítà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, òfin 1988 sì tún un ṣe di èyí tí a ń pè ní MDCN lónìí. Iṣẹ́ akọ̀wé ìgbìmọ̀ ni láti máa tọ́jú ìwé orúkọ, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, kí ará ìlú sì lè yẹ̀ ẹ́ wò. Bí dókítà bá sì ṣe ohun tí kò yẹ, ilé ẹjọ́ ìgbìmọ̀ náà lè bá a wí, kí ó dá a dúró fún oṣù mẹ́fà ó pọ̀ jù, tàbí kí ó yọ orúkọ rẹ̀ kúrò pátápátá. Ará Ìdí Arẹ̀rẹ̀ kò sì ní láti rìn jìnnà láti rí irú àkọsílẹ̀ ìjọba bẹ́ẹ̀, nítorí pé inú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn ni ilé àkójọ ìwé ìjọba wà, èyí tí Kenneth Dike fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1954, tí ó tọ́jú fáìlì ìṣèjọba àmúnisìn pẹ̀lú ìwé ìkéde ìjọba tí a ń pè ní gàsẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ka ìwé orúkọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin yóò mọ ibi tí dókítà ti kàwé. Kò ní mọ iye ènìyàn tí ó tọ́jú, kò sì ní mọ ẹni tí ń fún un lówó.

Ewu tí ó wà nínú àìsí àkọsílẹ̀ tí ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé hàn ní Kánò ní 1996, nígbà tí ilé iṣẹ́ Pfizer dán oògùn Trovan wò lára àwọn ọmọdé láàárín àjàkálẹ̀ àrùn yírùnyírùn. Nǹkan bí 200 ọmọ ni ó kópa, mọ́kànlá nínú wọn sì kú, lápá àwọn tí ó lo Trovan àti lápá àwọn tí ó lo oògùn mìíràn tí wọ́n fi wé e. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ó hàn pé ìwé àṣẹ tí ó yẹ kí ó ti wá láti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ìwà ọmọlúwàbí ilé ìwòsàn kì í ṣe ìwé tí wọ́n kọ ní ọjọ́ tí ó wà lórí rẹ̀. Ní 2009, ilé iṣẹ́ náà gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là láti parí ẹjọ́ pẹ̀lú ìjọba Ìpínlẹ̀ Kánò, láì gbà pé òun jẹ̀bi.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn sẹ́nétọ̀ Chuck Grassley àti Herb Kohl gbé àbá kan kalẹ̀ ní 2007, tí ó di òfin ní 2010, tí wọ́n sì fi ìtànṣán oòrùn sọ ọ́ lórúkọ, bí ẹni pé ohun tí oòrùn bá ràn sí kì í bu. Òfin náà pa á láṣẹ pé kí ilé iṣẹ́ oògùn àti ti irinṣẹ́ ìwòsàn máa kéde ohun tí wọ́n bá fún dókítà, àkọsílẹ̀ náà sì bọ́ sí gbangba lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án 2014. Ọmọ Yorùbá tí ó bá ń gbé ní Houston lè tẹ orúkọ dókítà rẹ̀ síbẹ̀, kí ó rí ọjọ́, orúkọ ilé iṣẹ́, iye dọ́là, àti ohun tí owó wà fún: oúnjẹ, ọkọ̀ òfuurufú àti ilé ìtura, owó ìmọ̀ràn, owó ọ̀rọ̀ sísọ, tàbí owó ìwádìí. Oṣù kẹrin ọdún kan náà ni ìjọba tún gbé àkọsílẹ̀ Medicare, ètò ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà, jáde, tí ó fi iye ìgbà tí dókítà kọ̀ọ̀kan ṣe iṣẹ́ kan àti owó tí ó gbà lórí rẹ̀ hàn, lẹ́yìn tí àṣẹ ilé ẹjọ́ ti pa á mọ́ láti 1979.

Irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ gba ìkàwé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Owó ìwádìí kì í ṣe rìbá, ẹni tí ó pọ̀ ní aláìsàn yóò gba owó ju ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, oníṣẹ́ abẹ ni a sì ń fi wé oníṣẹ́ abẹ, kì í ṣe dókítà ọmọdé. Síbẹ̀, àwọn àgbà ti sọ pé bí ẹnu bá jẹ, ojú a tì, ìwádìí kan tí wọ́n sì tẹ̀ jáde nínú ìwé ìṣègùn JAMA Internal Medicine ní 2016 rí i pé àwọn dókítà tí ó jẹ oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ oògùn ń kọ oògùn ilé iṣẹ́ náà fún aláìsàn ju àwọn tí kò jẹ lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwádìí náà kò lè fi dánilójú pé oúnjẹ ni ó fà á.

Ní Nàìjíríà, kò tíì sí òfin tí ó ń béèrè irú ìkéde bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ oògùn. Òfin Òmìnira Ìròyìn ti 2011 fún ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti béèrè àkọsílẹ̀ tí ó wà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba, kí wọ́n sì dá a lóhùn láàárín ọjọ́ méje, ṣùgbọ́n ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀ kò ṣeé béèrè. Àwọn aládùúgbò Ìdí Arẹ̀rẹ̀ ìgbà náà kò mọ ìwé kà, síbẹ̀ wọ́n mọ ẹni tí ó kọ́ oníṣègùn wọn níṣẹ́, àwọn tí ó yè lọ́wọ́ rẹ̀, àti ọwọ́ tí owó rẹ̀ ti ń wá. Èkíní nìkan ni ìwé orúkọ gbà sílẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, méjì tí ó kù sì jẹ́ gbèsè tí ìjọba àti ìgbìmọ̀ àwọn dókítà jẹ gbogbo ẹni tí ń fi ara rẹ̀ lé dókítà lọ́wọ́.