Ọ̀dà Dídán Kò Ba Gẹ̀lẹ̀dẹ́ Jẹ́



Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwa tí a kàwé. Wọ́n ní ọ̀dà alágolo ti ba Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jẹ́. Wọ́n ní ère tó ṣú, tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, ni ojúlówó, pé èyí tó ń dán gbinrin kì í ṣe ti ìṣẹ̀ṣe. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ẹni tó bá gbà pé ọ̀dà ni ìbàjẹ́, yóò fi ọ̀bẹ ha á kúrò lára ère bàbá rẹ̀ kí ẹni tó fẹ́ rà á tó dé. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ ká jọ yẹ ìtàn ọ̀dà yìí wò.

Kí ọ̀dà ìlú òyìnbó tó dé, inú ilẹ̀ àti inú igbó ni àwọ̀ ti ń wá. Ẹfun ló ń fún wa ní funfun. Osùn tí wọ́n lọ̀ kúnná ló ń fún wa ní pupa. Ewé èlú ni wọ́n fi ń ṣe aró, èédú sì ń fún wa ní dúdú. Wọ́n rẹwà, ṣùgbọ́n wọn kì í pẹ́ lára igi. Òógùn ń fọ̀ wọ́n, òjò ń fọ̀ wọ́n, ọwọ́ ń nù wọ́n. Nítorí náà, bí ọdún bá ti ń sún mọ́lé, wọ́n á tún ère kùn. Ẹ jẹ́ ká rántí èyí dáadáa: àtúnkùn kì í ṣe àṣà tuntun.

Lẹ́yìn náà ni búlúù dé, èyí tí àwọn ìyá wa fi ń fọ aṣọ funfun. Àwọn agbẹ́gilére rí i pé ó mọ́lẹ̀ ju aró lọ, wọ́n sì mú un lò, lára Gẹ̀lẹ̀dẹ́ àti lára ère ìbejì. Lónìí, bí ẹni tó ń ra ère bá rí búlúù yẹn lára igi, inú rẹ̀ á dùn, á ní ohun àtijọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ inú ọkọ̀ òkun ni búlúù ti wá, bí ọ̀dà alágolo tó tẹ̀ lé e ṣe wá. Kí ló dé tí a fi gba ti àkọ́kọ́, tí a wá ń bú ìkejì?

Àgbà agbẹ́gilére kan wà ní àdúgbò tí mo dàgbà sí. A máa ń jókòó tì í lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́. Tó bá gbẹ́ ère tán, kì í kánjú kùn ún. Á jẹ́ kó gbẹ, á fi ewé ìpín ha á títí á fi jọ̀lọ̀, á wá fi ọ̀dà funfun kùn ún látòkè délẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tó fi ń fi ọ̀dà ṣòfò báyẹn. Ó ní igi a máa mu ọ̀dà bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, bí o bá da ọ̀dà dídán lé e bẹ́ẹ̀, ibì kan á dán, ibì kan á ṣú. Funfun yẹn ló ń dí ẹnu igi. Òun náà ló ń jẹ́ kí pupa jẹ́ pupa, kí àwọ̀ ìyeyè sì tàn. Ọjọ́ kejì ló máa ń kùn àwọ̀ gan-an, èyí tó fẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ kùn, ojú àti ilà á wá kẹ́yìn.

Kí ni dídán yìí wà fún? Ẹ rò ó wò. Òru ni Ẹ̀fẹ̀ ń jáde, ìmọ́lẹ̀ àtùpà la fi ń wò ó, ìdí nìyí tí ojú Ẹ̀fẹ̀ ní Kétu fi ń funfun. Ọ̀sán ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń jó lọ́jà, láàárín èrò. Méjì méjì ni wọ́n sábà máa ń jáde, tí wọ́n sì gbọ́dọ̀ jọra bí ìbejì. Ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá náà gbọ́dọ̀ rí wọn. Ojú tó bá ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dé òpin ìran, ṣùgbọ́n ojú ò lè rí ohun tó ṣú nínú eruku ijó.

Àwọ̀ tún ń sọ̀rọ̀. Lórí ère ni wọ́n ń gbẹ́ ọkọ̀ òfúrufú, maṣíìnì ìránṣọ àti alùpùpù kéékèèké sí. Bí agbẹ́gilére bá gbẹ́ zémíjàn, tó fún un ní ẹ̀wù àwọ̀ ìyeyè, gbogbo ọjà ti mọ̀ pé oní-Kùtọnu ni. Ha ọ̀dà yẹn kúrò, ó di ọkùnrin kan lórí alùpùpù, ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ ti kú.

Ayé náà sì ti mọ̀ ọ́n. Ní 1989, Dossou Amidou, agbẹ́gilére ará Kòvè, wà lára àwọn tí wọ́n pè sí ìpàtẹ ńlá Magiciens de la terre ní Paris. Ní 2001, UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ohun ìní gbogbo ọmọ aráyé, tiwa ní Benin, ti Nàìjíríà àti ti Tógò, ó sì wọ ìwé wọn ní 2008.

Ère tí wọ́n ti kùn léraléra dà bí ìwé tí àwọn baba wa kọ ní ojú ewé-ojú ewé. Ẹni tó ha á ti ya ìwé náà. Ẹni tó kùn ún tún fi ojú ewé kan kún un, kò burú, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ ya fọ́tò ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kó sì kọ orúkọ agbẹ́gilére náà àti ọdún tó ṣe é sílẹ̀. Tẹlifóònù tó wà lọ́wọ́ wa tó o ṣe.

Ẹ̀yin tí ère wà nílé yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀bẹ kàn án. Àwọ̀ wo lẹ bá lára rẹ̀? Ẹ sọ fún wa nísàlẹ̀ yìí. Àwọn ìyá wa á gbè wá o.