Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Aláwàdà: Ipò Lápàdé nínú Ìtàn Ìdàgbàsókè Ìtàn Àròsọ Ọ̀daràn Yorùbá

Ìfáàrà
Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń rántí nínú ìtàn àròsọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni ìpànìyàn, olè jíjà àti bí ọwọ́ ṣe tẹ ọ̀daràn. Ẹ̀rín inú ìtàn náà kì í sábà dé inú ìdáhùn ìdánwò. Iṣẹ́ yìí ṣe àyẹ̀wò bí ẹ̀fẹ̀ ṣe di irinṣẹ́ ìwádìí lọ́wọ́ Lápàdé, akọni tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí dá, àti ohun tí olùkọ́ yóò pàdánù bí ó bá fo ẹ̀fẹ̀ náà.

Láti orí Ọdẹ dé orí Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́
Kí ọlọ́pàá tó dé, àwọn ọdẹ ni wọ́n ń ṣọ́ ìlú lóru, àwọn baálé sì ni wọ́n ń tú ọ̀rọ̀ wò nínú agbo ilé. Nígbà tí ìjọba amúnisìn so àwọn ọlọ́pàá àríwá àti ti gúúsù pọ̀ ní ọdún 1930, iṣẹ́ ìwádìí di ti aláṣọ ìjọba. Nínú lítíréṣọ̀, ọdẹ ni ó kọ́kọ́ di akọni: ìwé àkọ́kọ́ tí D. O. Fágúnwà tẹ̀ jáde ní 1938 jẹ́rìí sí i. Ìtàn Adégbẹ̀san tí J. Akin Ọmọ́yájowó kọ ní 1961 wà lára àwọn ìwé tí ó la ọ̀nà fún ìtàn ọ̀daràn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Òkédìjí, olùkọ́ tí a bí ní Ọ̀yọ́ ní 1929, gbé Àjà Ló Lẹrù jáde ní 1969 àti Àgbàlagbà Akàn ní 1971.

Àkókò náà kì í ṣe àkókò ẹ̀rín. Ogun abẹ́lé tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1967 kò parí títí di 1970. Ìbọn pọ̀ nílùú, ìdigunjalè sì gbilẹ̀. Ní 1970, ìjọba ológun ṣe òfin pé ikú ni ìyà adigunjalè. Ní 1971, wọ́n yìnbọn pa àwọn adigunjalè ní gbangba ní etíkun Bar Beach ní Èkó, èrò sì wọ́ tìrítìrí lọ wòran.

Ẹ̀fẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Ọ̀nà Ìwádìí
Lápàdé ti ṣe ọlọ́pàá rí, ṣùgbọ́n ó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ náà. Kò ní ìwé àṣẹ tí yóò fi wọlé onílé, kò sì ní àtìmọ́lé tí yóò ju ẹnikẹ́ni sí. Ẹnu ni ohun ìjà rẹ̀ tó pọ̀ jù: òwe tí ó ń lọ́ po, orin, àdàpè àti àwàdà. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ẹni tí ó bá ń rẹ́rìn-ín kì í ṣọ́ ẹnu rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n dojú ìbọn kọ. Ìjà kò ṣàì sí nínú àwọn ìwé náà, àmọ́ ọ̀rọ̀ ni ó sábà máa ń ṣáájú ẹ̀ṣẹ́.

Ìyàtọ̀ wà láàrin rẹ̀ àti Akin Olúṣínà, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí Kọ́lá Akínlàdé fi ṣe akọni nínú Owó Ẹ̀jẹ̀ (1976). Òun àti Túndé Atọ̀pinpin ń rìn bí Sherlock Holmes àti Watson tí Conan Doyle dá sílẹ̀ ní 1887: wọ́n ń to ẹ̀rí jọ, wọ́n ń fi làákàyè wọ̀n ọ́n. Ọgbọ́n inú ni ti Olúṣínà. Ọgbọ́n ẹnu ni ti Lápàdé.

Ẹ̀kọ́ fún Olùkọ́ ní Agbègbè Ọ̀jọ́
Ọ̀jọ́ àti Ìbà jẹ́ ìlú Àwórì àtijọ́ tí ìgboro Èkó ti gbé mì. Okokomaiko wà lójú ọ̀nà márosẹ̀ tó lọ sí Badagry. Ọ̀jọ́ ni wọ́n dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ sí ní 1983. Oníṣòwò láti ibi gbogbo ń ná ọjà Alábà. Àjèjì pọ̀, síbẹ̀ àdúgbò kọ̀ọ̀kan ṣì ní ìyá alákàrà àti fọganáísà tí wọ́n mọ ẹni tó wọlé àti ẹni tó jáde. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tirẹ̀, irú wọn ni Lápàdé àdúgbò.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré lásán. Ní Èkó, àwọn ènìyàn ti fi táyà sun ẹni tí wọ́n kàn fura sí, láìdúró gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ìfura àti ìdájọ́ di ọ̀kan ṣoṣo. Ohun tí ẹ̀fẹ̀ Lápàdé ń ṣe ni pé ó ń fi àyè sílẹ̀ láàrin méjèèjì: ẹni tí a fura sí ṣì wà láàyè, ó ṣì ń sọ̀rọ̀, òtítọ́ sì lè ti ẹnu rẹ̀ jáde.

Àgbálọgbábọ̀
Òkédìjí papò dà ní 2019, ṣùgbọ́n àwọn ìwé rẹ̀ ṣì wà. Olùkọ́ tí ó bá ń kọ́ni ní Àjà Ló Lẹrù ní láti jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ka ọ̀rọ̀ Lápàdé sókè, kí kíláàsì rẹ́rìn-ín, kí ó tó wá béèrè lọ́wọ́ wọn pé: kí ni ọ̀rọ̀ yẹn mú kí ẹnìkejì sọ, tí lílù kò lè mú kí ó sọ?