Tábà àti ìlera ní Òṣogbo àti ilẹ̀ Yorùbá

Tábà tí ilé-iṣẹ́ ńlá ń ṣe, pàápàá sìgá, wà lára ohun tó ń fa àrùn ọkàn, rọpárọsẹ̀, àrùn ẹdọ̀fóró àti jẹjẹrẹ láàárín Yorùbá bíi ti gbogbo ayé. Òṣogbo ní ìpín tirẹ̀ nínú ìtàn yìí: ibẹ̀ ni British American Tobacco, tó ń ṣe sìgá, gbé ilé-iṣẹ́ ìdánwò kalẹ̀ sí ní 1933, kó tó kọ́ èyí tó tóbi jù ú lọ sí Ìbàdàn ní 1937.

Ewé tábà ti wà lọ́wọ́ wa kí sìgá tó dé. Amẹ́ríkà ló ti ṣẹ̀ wá, níbi tí àwọn onílẹ̀ ti ń lò ó nínú ètùtù. Bó ṣe dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ṣì ń fa àríyànjiyàn. Àwọn onímọ̀ kan ní etíkun ni ó gbà wọlé. Àwọn mìíràn ní ó ṣeé ṣe kó gba ọ̀nà àríwá. Ó lè jẹ́ pé ọ̀nà méjèèjì ló gbà, níbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ohun tó dájú ni pé, ní sẹ́ńtúrì kejìdínlógún, àwọn oníṣòwò Bahia ní Brazil ń kó tábà tí wọ́n ká bí okùn, tí wọ́n fi omi ìrèké tó ti ki pa lára, wá sí Ouidah, ní ilẹ̀ Benin òde òní, láti fi ra ẹrú. Àwọn àgbà wa fa ìkòkò tábà, wọ́n sì lọ ewé náà mọ́ kán-ún, wọ́n fi ṣe aṣáà. Aṣáà kò ní èéfín, ṣùgbọ́n ó lè di bárakú, ó sì lè fa jẹjẹrẹ ẹnu.

Àwọn àgbẹ̀ Òkè-Ògùn gbin tábà fún ilé-iṣẹ́ Ìbàdàn. Iṣẹ́ náà ní ewu tirẹ̀: ẹni tó bá fọwọ́ kan ewé tí ìrì sẹ̀ sí, nikotíìnì lè gba awọ ara rẹ̀ wọlé, kí òòyì kọ́ ọ, kó sì máa bì.

Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe lórí lílo tábà ní Nàìjíríà ní 2012 fi hàn pé ìdá 5.6 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ Nàìjíríà tó ti pé ọdún 15 sókè ló ń lo tábà. Ó jẹ́ ìdá 10 láàárín ọkùnrin, ìdá 1.1 láàárín obìnrin. Nínú àwọn tó wọ ilé oúnjẹ, ìdá 29.3 ló fa èéfín ẹlòmíràn símú.

Òfin tí Nàìjíríà ṣe lórí tábà ní 2015 kà á léèwọ̀ láti ta sìgá ní ẹyọ, tàbí láti tà á fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18. Síbẹ̀, ẹyọ-ẹyọ ni wọ́n ṣì ń tà á ní ìsọ̀ àti gáréèjì. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú òfin náà ṣẹ, torí owó táṣẹ́rẹ́ ni ọmọdé fi ń kọ́ sìgá mímu.